Ó Ṣiṣẹ́ Tán, Òun Kò Tán

Èmi kì í ṣe onímọ̀. Ìgò ni mo ń fọ̀.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi fọ ìgò
fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbíyẹmí Ṣódẹ̀ìndé
ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà l'Álàbàtà.

Aláró ni ìyá rẹ̀, n'Ítòkú.
Nígbà tó jẹ́ eérú ni wọ́n fi ń po aró,
ìkòkò a máa sùn fún ọjọ́ méje,
ẹnikẹ́ni kì í pariwo mọ́ ọn.
Nígbà tó yá, oníbàárà kò lè dúró mọ́.
Sódà dé.
Sódà jẹ èékánná ìyá,
omi rẹ̀ gba inú gọ́tà lọ bá odò Ògùn,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ń wò ó.
Ó ní ọjọ́ náà lòun bi ara òun pé
ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò nígbà tí a bá sùn?

Mo bi í lọ́jọ́ kan: "Mà, kí lẹ ń wá gan-an?"
Ó mú ègé iṣu kan nínú abọ́ mi.
"Jẹ ẹ́ lẹ́nu. Má tíì gbé e mì."
Mo jẹ ẹ́, mo jẹ ẹ́, títí iṣu fi ń dùn bí ìrèké.
"Ẹnikẹ́ni kò fi ṣúgà sí i. Itọ́ rẹ ló gé e.
Ohun tó wà nínú itọ́ yẹn là ń pè ní ẹ́ńsáìmù:
ó ń gé, ó ń so pọ̀,
ó ṣiṣẹ́ tán, òun kò tán."

Oògùn tí à ń lò, kó tó di hóró funfun,
iná ti jó lábẹ́ rẹ̀ bí iná alágbẹ̀dẹ,
wọ́n ti da ásíìdì sí i, wọ́n ti da irin olóró sí i,
ìdọ̀tí àgbá mélòó fún oògùn àgbá kan.
Ìbíyẹmí ní ara wa ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ
nínú omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, tó wá ká jọ, ni ẹ́ńsáìmù.
Pààrọ̀ hóró kan, gbogbo ìkájọ yí padà.
Ó lè dára sí i. Ó sábà máa ń bàjẹ́ ni.
Ẹgbẹ̀rin ó lé ogún ló pààrọ̀.
Èmi ni mo fọ ìgò wọn. Mo mọ̀.

Ọdún tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀,
a gun ọ̀kadà lọ sí Láfẹnwá,
a ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja.
Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé àpò yìnyín sáyà bí ọmọ tuntun,
òórùn ẹja bá a wọ yàrá ìpàdé,
àwọn ọ̀gá rẹ́rìn-ín.
Ìdajì ohun tó ń sìn ló kú.
N kò rí i kó sunkún rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Ó nu ojú. Ó ní:
"Kí ló dé tí mo ń tọ́ ọmọ òtútù nílùú olóoru?"
Ó bọ́ sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ gaàrí kan l'Ọ́bántokò,
ó ki ọwọ́ bọ òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń rú èéfín,
ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan.
Ohun tó ń gbé ibẹ̀ kò mọ fíríìjì.
Ọdún mẹ́fà sí i.
Ilé-iṣẹ́ apoògùn kan ní Ṣàngó ní ó ń falẹ̀ jù;
nígbà tí owó epo gun òkè Olúmọ,
wọ́n padà wá, wọ́n bọ́ fìlà.

Àná la ṣe ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí pèpéle,
kò sẹ́ni tó dárúkọ òkìtì èèpo.

Èmi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láràárọ̀ ni mo ń lo hóró kan.
Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá, bóyá kò ti ibẹ̀ wá,
páálí kò sọ.
Kí n tó fi omi tì í, mo máa ń jẹ́ kó jókòó díẹ̀ lórí ahọ́n.
Ó korò.
Itọ́ mi sun wá bá a,
ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.